Tí àwòrán dìjítà bá ń já wẹ́wẹ́: bí ẹ ṣe lè rí ibi tí síginà ti ń sọnù nínú ilé yín

Ẹ má tíì gbé àkàsọ̀ ti ògiri. Ẹ kọ́kọ́ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ wo bó ṣe ń ṣe gan-an, torí síginà dìjítà kì í kú bíi ti àtijọ́. Láyé àǹténà àtijọ́, bí síginà bá ń lọ sílẹ̀, àwòrán á kàn máa ṣú díẹ̀díẹ̀ ni, á dà bíi pé òjò ń rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ ẹ ó máa gbọ́ ìròyìn yín lọ. Ti dìjítà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán á mọ́ gaara títí síginà á fi lọ sílẹ̀ dé ibi tí dìkódà ò ti lè kà á mọ́. Bó bá ti kọjá ibẹ̀ díẹ̀ péré, àwòrán á já wẹ́wẹ́, ohùn á máa gé, lẹ́yìn náà ojú á dúdú. Ìdí nìyí tí wáyà tó ti ń jẹrà láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn fi máa ń dà bíi pé alẹ́ àná ló bàjẹ́.

Dìkódà tó ń lo àǹténà orí òpó la máa sọ̀rọ̀ lé jù: GOtv, StarTimes tó ń lo àǹténà, àti FreeTV tó bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní 2016 tó sì dé Èkó ní 2021. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo díìṣì wà nísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú àìsàn tó ń ṣe é

Ẹ tẹ MENU lórí rìmóòtù dìkódà. Bí ojú-ewé MENU fúnra rẹ̀ bá ń já, tó ń yí àwọ̀ padà, tàbí tó ń tàn tó ń kú, ẹ fi àǹténà sílẹ̀. Wáyà HDMI tàbí ti AV tó so dìkódà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ló níṣòro, tàbí tẹlifíṣọ̀n náà. Bí MENU bá mọ́ gaara àmọ́ tí àwòrán ìkànnì ń já, síginà ni. Ìdánwò yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ owó àǹténà tuntun tí ẹ ò nílò. Bí MENU ò bá jáde rárá, tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló kọ “No Signal”, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí HDMI 2 ni tẹlifíṣọ̀n wà nígbà tí wáyà wà lójú HDMI 1. Ẹ tẹ SOURCE tàbí INPUT.

Ẹ ka ohun tí dìkódà kọ sójú. Lórí DStv àti GOtv, E16 jẹ mọ́ owó oṣù tàbí ìkànnì tí wọn ò tíì ṣí fún yín. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí àǹténà tí ìyẹn á fi lọ. E48-32 tí àwọn tó ń lo DStv mọ̀ dáadáa, òun ló ń sọ pé dìkódà ò rí síginà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ìkànnì lọ yí i bọ̀, kí ẹ kọ àwọn tí kò ṣiṣẹ́ sínú ìwé. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Kì í ṣe pé ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń dá wá. Àwọn ìkànnì máa ń kó ara wọn jọ sórí fíríkúẹ́ńsì kan bí èrò ṣe ń wọ dánfó kan náà: bí dánfó yẹn ò bá dé, gbogbo èrò inú rẹ̀ ni kò ní dé. Fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 8 MHz (MHz ni wọ́n fi ń wọn fíríkúẹ́ńsì). Èyí tí wọ́n ń pè ní UHF 21 wà ní 474 MHz. Ẹ máa fi 8 kún un títí ẹ ó fi dé UHF 48 tó wà ní 690 MHz. Nítorí náà, bí ìkànnì mẹ́jọ bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà tí ìyókù sì ń ṣe dáadáa, fíríkúẹ́ńsì kan ló sọnù. Wáyà yín ò já pátápátá. Ibi tí àǹténà dúró sí ni kò gba fíríkúẹ́ńsì yẹn dáadáa, tàbí ilé-iṣẹ́ ló ń ṣàtúnṣe lọ́dọ̀ tiwọn. Bí gbogbo ìkànnì bá lọ, ẹ fura sí wáyà, sí ẹnu wáyà (irin kékeré orí wáyà tó ń wọ ojú ihò dìkódà), sí iná tó ń bọ́ àǹténà, tàbí kí afẹ́fẹ́ ti yí àǹténà padà.

Àkókò náà ní ohun tó ń sọ. Bó bá ń já nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nìkan, ohun kan ló ń mì: àǹténà, ẹ̀ka igi, tàbí wáyà tí kò so dáadáa. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òjò tó sì dára nígbà tí oòrùn bá ràn, omi ti wọ inú wáyà. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà ló ń já, ariwo iná ni. Bí ará ilé kejì náà bá ń ké, ẹ sinmi. Ọ̀dọ̀ yín kọ́ ni ìṣòro wà.

Nọ́ńbà méjì tó yẹ kí ẹ mọ̀

Nínú MENU gbogbo dìkódà, ojú-ewé kan wà tó ń fi Strength àti Quality hàn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, abẹ́ Settings, Installation tàbí Manual Scan ló wà. Lórí àwọn mìíràn, bọ́tìnnì INFO á gbé e jáde. Strength ni bí síginà ṣe pọ̀ tó. Quality ni bó ṣe mọ́ tó. Quality ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́. Ariwo pọ̀ nínú ọjà, àmọ́ bí ẹ ò bá gbọ́ ohun tí ẹni tó dúró níwájú yín ń sọ, kí ni ariwo náà fẹ́ ṣe fún yín?

Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ fún ìkànnì tó dára kan àti èyí tó ń já kan, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Láìsí èyí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ ń tún un ṣe tàbí ẹ ń bà á jẹ́. Ẹ má sì fi nọ́ńbà dìkódà yín wé ti ẹlòmíràn tó ń lo oríṣi mìíràn, torí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣírò ò dọ́gba.

Strength òdo, Quality òdo: wáyà ti já, tàbí kò sí iná tó ń lọ sí àǹténà tó nílò iná.

Strength kéré, Quality kéré: wáyà gùn jù tàbí ó ti jẹrà, àǹténà ò kọjú síbi tó yẹ, tàbí ilé gíga kan ti dí i.

Strength ga, Quality kéré: èyí ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Síginà wà, àmọ́ ó dọ̀tí. Ó lè jẹ́ búsítà (ẹ̀rọ tó ń fún síginà lágbára), ariwo iná, òpó 4G tó wà nítòsí, tàbí síginà tó ń ta bọ́ lára páànù òrùlé.

Nọ́ńbà tó ń fò sókè fò sódò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: ẹnu wáyà kan ò dúró sójú kan.

Nínú yàrá

1. Ẹ yọ dìkódà kúrò nínú iná fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tó dá a padà. Rìmóòtù nìkan ò tó. Inú iná gan-an ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́.

2. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ dìkódà, ojú ihò méjì tó jọra ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ ANT IN tàbí RF IN sí ni ti àǹténà. Ìkejì ń gbé síginà jáde ni. Ẹni tó bá gbálẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n lè ti fi wọ́n bọ ara wọn.

3. Bí àǹténà yín bá ní ẹ̀rọ kékeré nínú (àwọn kan lára àǹténà tí wọ́n ń tà pẹ̀lú dìkódà ní in), ó nílò iná 5V tí dìkódà ń fi ránṣẹ́ gba inú wáyà kan náà. Ẹ wá “Antenna Power” nínú MENU kí ẹ rí i pé ó wà ní ON. Bí ẹ bá tún dìkódà ṣe padà sí bó ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́, ó lè ti padà sí OFF fúnra rẹ̀.

4. Bí sípílítà tó ń pín wáyà sí yàrá méjì bá wà, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ fi wáyà kan tààrà dán an wò. Sípílítà ọlọ́nà méjì máa ń gbà ju ìdajì síginà lọ lọ́wọ́ dìkódà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì jẹ́ kí iná 5V kọjá, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó kọjá lójú ihò kan ṣoṣo.

5. Ẹ ṣí ojú-ewé Quality sílẹ̀, kí ẹ máa pa àwọn nǹkan inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan: gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, ṣájà fóònù, ínfátà, fáànù. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà àǹténà lè fa gbogbo wàhálà yìí. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ gbé e jìnnà sí àǹténà àti wáyà rẹ̀, torí iná tó ń ṣẹ́ lórí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ń pariwo sínú síginà.

Bí dìkódà bá ń kú tó ń tàn fúnra rẹ̀, àdápítọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ fura sí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tí ẹ máa fi rọ́pò gbọ́dọ̀ jẹ́ fóltéèjì kan náà gẹ́lẹ́. Ámpíà rẹ̀ lè ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i.

Wáyà: ibẹ̀ ni ìṣòro sábà máa ń wà

Ẹ yọ ẹnu wáyà kúrò lẹ́yìn dìkódà kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Irin tó wà láàárín gbọ́dọ̀ máa dán bíi bàbà tuntun. Bó bá ti dúdú, tàbí tó ti ní àwọ̀ ewé, omi ti dé ibẹ̀. Ẹ wo irun bàbà wẹ́wẹ́ tó yí i ká. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá fara kan irin àárín, síginà ti kú nìyẹn, ó sì lè máa fara kàn án nígbà tí ooru bá mú, kó tún kúrò lára rẹ̀ lálẹ́. Ìdí nìyí tí àwòrán kan fi máa ń já lọ́sàn-án tó sì ń dára lálẹ́.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára awọ wáyà. RG6, 75 ohm, ni kẹ́ ẹ máa rà. RG6 tó dára máa ń pàdánù ìdajì síginà láàárín nǹkan bíi mítà 16. RG59 tó tín-ín-rín jù ú lọ máa ń pàdánù ìdajì láàárín nǹkan bíi mítà 12. Ẹ wò ó báyìí: bí ilé yín bá ga ní àjà méjì tí ẹ sì ká mítà 15 wáyà tó ṣẹ́kù sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ìdajì síginà ti parẹ́ lásán. Ẹ gé e.

Bí ẹ ṣe máa ṣe ẹnu wáyà tuntun:

1. Ẹ máa gé wáyà náà sẹ́yìn, sẹ̀ntímítà márùn-ún márùn-ún, títí ẹ ó fi rí bàbà tó ń dán. Bí ẹ bá gé mítà kan tí ẹ ò tíì rí i, ẹ pààrọ̀ gbogbo wáyà náà.

2. Ẹ fi abẹ bó awọ òde tó mílímítà 12. Ẹ máa yí abẹ náà ká jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ ó gé irun bàbà tó wà nísàlẹ̀.

3. Ẹ ṣẹ́ irun bàbà náà padà sẹ́yìn sórí awọ, gbogbo rẹ̀, láìku ẹyọ kan.

4. Ẹ gé fóòmù funfun kúrò ní mílímítà 6 láti orí, kí mílímítà 6 tó kù wà níbẹ̀. Ẹ má ha irin àárín lára.

5. Ẹ yí ẹnu wáyà wọlé, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bí ẹ ṣe ń yí i. Bó bá wọlé tán, tí ẹ yọjú wo inú rẹ̀, fóòmù funfun gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ihò náà. Irin àárín á yọ síta ní mílímítà 2 sí 3 kọjá etí rẹ̀. Bó bá kúrú jù, kò ní fara kan ohun tó yẹ. Bó bá gùn jù, á fọ́ ojú ihò dìkódà.

6. Ẹ fi ọwọ́ yí i mọ́ ibi tó ń lọ. Sípánà nọ́ńbà 11 á fi ìdámẹ́rin yíyí kan lé e, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Àwọn dìkódà kan kì í lo èyí tí wọ́n ń yí, ìtìbọ̀ ni tiwọn. Fún ìyẹn, ẹ rí i pé kò mì lójú ihò rẹ̀.

Ẹ má ṣe lọ́ wáyà méjì pọ̀ kí ẹ sì fi téèpù dì í. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ síginà, ó sì ń fa omi mu. Irin ìsopọ̀ tó ní ojú méjì ò wọ́n lọ́jà. Ẹ ṣe ẹnu wáyà sí apá méjèèjì kí ẹ fi í so wọ́n. Lójú òrùlé, ẹ wé ìsopọ̀ náà dáadáa láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìpele téèpù òkè bo ti ìsàlẹ̀ bí páànù ṣe ń bo ara wọn. Kó tó wọ ihò ògiri, ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè wọlé, kí omi òjò máa kán dànù níbi tó rọ̀ sí.

Lórí òrùlé

Ẹ má gòkè nígbà òjò, ẹ má gòkè lórí páànù tútù, ẹ má sì dá lọ. Ẹ wo wáyà iná ìta kẹ́ ẹ tó gbé òpó dúró. Bí òpó yín bá gùn ní mítà 6, ibi tó lè ṣubú sí ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ jìnnà sí wáyà iná ju mítà 6 lọ. Èèyàn ti kú nípa fífi òpó irin kan wáyà iná. Bí àyè ò bá tó, ẹ pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ wo ibi tí àǹténà àwọn ará àdúgbò tí àwòrán wọn dára kọjú sí. Ìyẹn ló yá jù láti mọ apá ibi tí òpó tí ilé-iṣẹ́ fi ń rán síginà jáde wà, kìkì kí ẹ rí i pé dìkódà kan náà ni ẹ jọ ń lò. Lára àǹténà tó ní ìka púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ìka rẹ̀ kúrú ló ń kọjú sí òpó. Irin ńlá tàbí àwọ̀n wà lẹ́yìn. Ẹ tún wo bí ìka náà ṣe dúró. Bí tàwọn ará àdúgbò bá dúró lóòró, tí tiyín sì sùn gbalaja, ẹ yí i padà. Ìyàtọ̀ yìí nìkan tó láti pa síginà tó dára.

Kí ẹnì kan dúró ti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú fóònù, kó máa ka Quality fún ẹni tó wà lókè. Ẹ yí àǹténà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó tún yí i, torí dìkódà kì í tètè ka ìyípadà. Ẹ yí i títí Quality á fi lọ sílẹ̀ lápá òsì, ẹ sàmì síbẹ̀. Ẹ yí i lọ sápá ọ̀tún títí á fi tún lọ sílẹ̀, ẹ sàmì. Àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ ti dè é. Ẹ dán ìkànnì kan wò lórí fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó de irin rẹ̀ pinpin.

Bí Strength bá ga tí Quality kò gòkè bí ẹ ṣe yí i tó, ẹ máa sún àǹténà náà: sẹ̀ntímítà 30 sókè, tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Ìgbì 500 MHz gùn tó sẹ̀ntímítà 60. Síginà tó wá tààrà àti èyí tó ta bọ́ lára ilé tàbí páànù lè pàdé kí wọ́n sì pa ara wọn lójú kan, àmọ́ kí wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́ ní ìdajì ìgbì sí ibẹ̀. Ó kéré tán, kí àǹténà ga ju páànù òrùlé lọ ní mítà kan. Èyí tí ẹ gbé sábẹ́ páànù, nínú àjà, kò lè gbà dáadáa. Irin ni páànù. Igi máńgòrò tí kò dí yín lọ́wọ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lè dí yín lọ́wọ́ nígbà òjò, nígbà tí ewé bá pọ̀ tó sì tutù.

Àwọn tó ń gbé létí òkun ní láti máa wo irin àti ìdè àǹténà lọ́dọọdún, torí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ wọ́n kíákíá.

Búsítà

A ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kọ́kọ́ ra búsítà. Búsítà kì í yọ ìdọ̀tí kúrò nínú síginà. Ohun tó bá gbà ló ń pọ̀ sí i, ìdọ̀tí àti gbogbo ẹ̀. Bí ẹ bá nílò rẹ̀ lóòótọ́ nítorí pé wáyà gùn, ìdí àǹténà ló yẹ kó wà, níbi tí síginà ṣì mọ́. Búsítà tí ẹ gbé sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ń fún síginà tí wáyà ti jẹ tán lágbára. Fún àwọn tó wà nítòsí òpó ilé-iṣẹ́, búsítà gan-an lè jẹ́ àìsàn: síginà pọ̀ jù, dìkódà ò sì lè kà á. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ wo Quality. Bó bá gòkè, ẹ ti rí i.

Òpó fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà ń dá irú èyí sílẹ̀, torí 700 MHz àti 800 MHz wà lára ohun tí 4G ń lò, wọn ò sì jìnnà sí ibi tí ti tẹlifíṣọ̀n parí sí. Àwọn ìkànnì orí UHF tó ga, ní 40 sókè, ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Fílítà 4G tó ń dí ohun tó bá kọjá 694 MHz ni oògùn rẹ̀, kí ẹ sì so ó síwájú búsítà, kì í ṣe sẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ ò bá tíì rí i

Ẹ gbé dìkódà àti tẹlifíṣọ̀n kékeré kan lọ sídìí àǹténà, ẹ fi wáyà mítà méjì tuntun so wọ́n pọ̀. Bí àwòrán bá dára níbẹ̀, wáyà inú ilé ni ẹ máa pààrọ̀. Bí kò bá dára, àǹténà tàbí ibi tó wà ni. Bó bá dára pẹ̀lú dìkódà ẹlòmíràn tí tiyín kọ̀, dìkódà ni. Lẹ́yìn àtúnṣe yòówù, ẹ tún ìkànnì wá láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Auto Scan.

Fún àwọn tó ń lo díìṣì

Sátẹ́láìtì DStv wà ní 36° ìlà-oòrùn. Láti Èkó tàbí Ìbàdàn, kọ́ńpáàsì á fi nǹkan bíi 100° hàn, ìyẹn ìlà-oòrùn tó yẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù, gíga rẹ̀ sí òfuurufú sì tó nǹkan bíi 51°. Ẹ má jẹ́ kí ojú tàn yín jẹ: díìṣì tó ní apá tó gbé LNB (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba síginà) síwájú, tó tẹ̀ láti ìsàlẹ̀, máa ń dà bí ẹni tó ń wo ibi tó rẹlẹ̀ ju ibi tó ń wò gan-an lọ. Ìwọ̀n tó wà lára irin ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n kan tàbí méjì ti tó láti pa síginà, nítorí náà ẹ máa sún un bí ẹni ń sún àga ọmọ tó ń sùn.

Òjò ńlá á pa àwòrán díìṣì, kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀; ẹ dúró kó dá. Bó bá jẹ́ pé òjò wínníwínní ló ń pa á, díìṣì ti yẹ̀ díẹ̀, tí ẹ kò sì mọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ wo ojú LNB pẹ̀lú: agbọ́n máa ń mọ ilé amọ̀ síbẹ̀, ike ojú rẹ̀ sì máa ń là tí omi á fi wọlé. Bí ó bá ti là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi téèpù dì í.

Bí ará ilé kejì àti ẹ̀yin bá jọ ní ìṣòro kan náà, tí nọ́ńbà ò sì yí padà bí ẹ ti ṣe tó, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ ní nọ́ńbà IUC (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá dìkódà yín mọ̀) tàbí ti káàdì lọ́wọ́, orúkọ ìkànnì méjì tó ń já, Strength àti Quality tí ẹ kọ sílẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti àdúgbò yín. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti dán wáyà kúkúrú wò nídìí àǹténà, kí wọ́n má bàa tún ní kẹ́ ẹ yọ dìkódà nínú iná.